Òdo mẹ́sàn-án: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ nọ́ọ̀sì iṣẹ́ òru kan

Òdo ni wọ́n kọ síwájú gbogbo ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán inú fọ́ọ̀mù tí a fi ń wo bí ọkàn èèyàn ṣe rí. Ìbànújẹ́, òdo. Oorun, òdo. Àárẹ̀, òdo. Òdo ni pé nǹkan náà kò sí rárá, 3 ló ga jù. Mo rò ó pọ̀, ó jẹ́ òdo nínú 27. Tí a bá ní ká fi ìwé yẹn ṣèdájọ́, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ dá tó ti màmá yìí ní gbogbo ilé ìwòsàn wa. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òru kẹta tẹ̀léra ni wọ́n ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá Ọjọ́rú la wà tàbí Ọjọ́bọ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí i kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti pa àwọn àmì kan dà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀, mo sì ka ohun tí mo kọ sí wọn létí. Ohun méjì ni wọ́n ní kí n yọ, mo sì yọ wọ́n. Màmá ni n ó máa pè wọ́n níbí, torí bí mo ṣe ń pè wọ́n náà nìyẹn.

Olùrànlọ́wọ́ sàìkọ́lọ́jísìtì ni mí, nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń mójú tó àlàáfíà ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England. Àwa kì í rí aláìsàn. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn là ń rí. Lọ́dún 2021, nígbà tí Kòrónà ti lu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bolẹ̀, NHS England gbé owó kalẹ̀ fún irú ibùdó bẹ́ẹ̀ 40 káàkiri. Oṣù Kẹta 2023 ni owó tó ń ti òkè wá yẹn dópin. Àwọn ibùdó kan kógbá sílé. Tiwa ṣẹ́kù ní èèyàn mẹ́ta, lábẹ́ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀.

Báǹdì 4 ni mo wà, ọ̀kan lára àwọn ìpele owó oṣù NHS. Mo kàwé gboyè nínú sàìkọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò sí nínú ìwé àwọn HCPC tó ń fún àwọn sàìkọ́lọ́jísìtì láṣẹ iṣẹ́. Nítorí náà, n kì í dá sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe ẹnì kan, n kì í sì í ṣe ohunkóhun lẹ́yìn ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ló gba ìwé-àṣẹ. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ la fi ń jókòó yẹ gbogbo ohun tí mo bá ṣe wò. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ṣe àṣìṣe kan nínú ọ̀rọ̀ Màmá, àṣìṣe tó lè burú, ìjókòó èmi àti ọ̀gá mi ló sì tú u fó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Máníjà wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà kan ló kọ íméèlì sí wa. Aláìsàn méjì ló kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kìíní. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ti pè pé ara àwọn kò yá. Máníjà fẹ́ kí a kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́ Ẹtì, kí oníkálukú ro ohun tó rí lóru ọjọ́ náà, kí a sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí èèyàn ṣe lè ní ìfaradà. Inú rere ló fi bẹ̀ wá. Òun fúnra rẹ̀ kò sùn.

Ọ̀gá mi ní a kò ní ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní England, gbé jáde ní 2018 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: kí a má ṣe kó àwọn tí ohun burúkú ṣẹlẹ̀ lójú wọn jọ kí wọ́n wá máa tú inú wọn sílẹ̀ ní ìjókòó kan, pé èyí ni yóò dènà PTSD, àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú. Kì í dènà rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí àwọn èèyàn rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mọ̀ pé ara tó ń gbọ̀n àti oorun tó ń fò kì í ṣe ohun àjèjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a sì padà wá wò wọ́n lẹ́yìn bí oṣù kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń le sí i ló nílò ìtọ́jú.

Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfaradà, èmi ni mo kọ èsì, mo sì kọ ọ́ tọkàntọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé àárẹ̀ tó ń wọ òṣìṣẹ́ lẹ́gungun, tí wọ́n ń pè ní burnout, kì í ṣe àìsàn tó wà lára òṣìṣẹ́. Wàhálà ibi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó ló ń bí i. Mo wá bẹ máníjà pé kí a kọ́kọ́ jọ wo ìwé iye èèyàn tó ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀dì 28 ló wà ní wọ́ọ̀dù yẹn. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Méjì ló wà.

Dípò ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí wọ́ọ̀dù ní aago méje àbọ̀ àárọ̀, nígbà tí àwọn tòru ń fa iṣẹ́ lé àwọn tọ̀sán lọ́wọ́. A kò gbé ìwé kankan dání. A máa ń jókòó sínú yàrá kótópó tí wọ́n ti ń sinmi. Àga mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta kọjú síra wọn, ẹ̀kẹrin kọ ẹ̀yìn sí yàrá, ó dojú kọ ògiri òfìfo. Mo rò pé ẹni tó gbálẹ̀ ló yí i, mo sì yí i padà. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ó tún ti dojú kọ ògiri.

Ìjókòó kìíní

Máníjà ló ní kí Màmá wá rí wa. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ilé ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọdún kẹrin wọn ní England nìyí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ àṣírí fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí ẹ bá sọ níbí, àárín wa ni, àyàfi tí báyìí báyìí bá ṣẹlẹ̀. Mo kà á bí orin tí mo ti há sórí, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo wá nawọ́ fọ́ọ̀mù oníbéèrè mẹ́sàn-án yẹn, tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, sí wọn.

Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n wo káàdì ọrùn mi, wọ́n sì ka orúkọ mi jáde pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ káàárọ̀ o, dókítà. Mo wà dáadáa, a dúpẹ́. Máníjà ló ní kí n wá."

Mo ní èmi kì í ṣe dókítà. Wọ́n ní yóò ṣojú wọn. Fún ìdajì wákàtí, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá ìyá mi wà láyé, bóyá òtútù kì í mú mi ní yàrá tí mo wà. Mo sì ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ti mọ̀ nípa mi ju bí mo ṣe mọ̀ nípa wọn lọ. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí ìṣòro.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni èmi àti ọ̀gá mi jókòó. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó fi ìka sórí ìbéèrè kẹta, èyí tó ń béèrè oorun, ó tún fi sórí ìkẹrin, èyí tó ń béèrè àárẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ òru ni obìnrin yìí ń ṣe?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Oorun rẹ̀ pé, kò sì rẹ̀ ẹ́ rárá láti ọ̀sẹ̀ méjì?"

N kò rí ohun kan sọ. Ó wá béèrè ìkẹsàn-án, ìbéèrè tó ń wádìí bóyá èèyàn ń rò pé ó sàn kí òun kú, tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Ó ní, "Mo rí òdo níbẹ̀. Ṣé o fi ẹnu ara rẹ bi í?"

N kò bi wọ́n. Kì í ṣe tìtorí òdo tí wọ́n kọ. Ẹnu mi ni kò gbé e. Àgbàlagbà tó lè bí mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ìyá mi lọ́wọ́ mi, báwo ni n ó ṣe la ẹnu bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀? Mo ti sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀rù ni. Ohun tí èdè kan náà ṣe fún wa nìyẹn, ó ṣílẹ̀kùn fún wa, ó sì fún mi ní ibi tí mo lè sá pamọ́ sí. Ọ̀gá mi kò ní kí n má sọ Yorùbá mọ́. Ó ní kí n lọ wá bí wọ́n ṣe ń béèrè é ní Yorùbá, kí n sì béèrè é lónìí.

Mo pè wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó múra iṣẹ́. Ọ̀gá mi jókòó tì mí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín. Tí nǹkan bá wúwo báyìí, àwọn mìíràn máa ń rò ó pé ó sàn kí àwọn má tilẹ̀ sí mọ́. Ṣé irú rẹ̀ ti wá sí yín lọ́kàn?"

Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìkòkò tó ń hó lẹ́yìn wọn.

"Rárá o. Mi ò gbàdúrà kí n má jí. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, mo máa ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí tí yóò fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé mo sùn lọ. Mò ń wo ibẹ̀ bó ṣe ń kọjá."

Àṣé nǹkan wà. "Ìwọ ọmọ yìí" tí wọ́n pè mí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dẹ́kun fífi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera, ṣì ń bẹ̀rù pé tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ ikú lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, a ó fi sí i lọ́kàn ni. Bíbéèrè kì í fi sí èèyàn lọ́kàn. Ẹni tí a bi máa ń mí kanlẹ̀ ni.

Ta ló máa ka ìwé yìí?

Nígbà tí wọ́n tún wá, n kò gbé fọ́ọ̀mù kankan kalẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Mà, nígbà tí ẹ ń kọ òdo òdo yẹn, ta lẹ rò pé ó máa kà á?"

Wọ́n wo ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dáhùn. "Ṣé kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé fíìsà wa?"

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Fíìsà òṣìṣẹ́ ìlera so mọ́ agbanisíṣẹ́. Tí agbanisíṣẹ́ bá yọwọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn kó fi wá ibòmíràn tàbí kó máa lọ. Ọmọ méjì wọn ń lọ sílé ìwé lórí ìwé yẹn. Wọ́n sì gbà gbọ́ pé bí NMC, àjọ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì láṣẹ iṣẹ́, bá gbọ́ pé ọkàn nọ́ọ̀sì kan kò balẹ̀, ìwé-àṣẹ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ta ni yóò rí gbogbo èyí níwájú tí yóò kọ 3 síwájú "ìbànújẹ́"?

Mo wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, láìkánjú. Fáìlì wa kò sí lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó fíìsà. Iye èèyàn tó wá nìkan ni máníjà ń rí, kì í rí ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀gá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí òun ló ń darí iṣẹ́ mi. Tí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, n kò lè pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ sọ fún tí àyè bá wà. Ní ti NMC, ìbànújẹ́ nìkan kì í gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá nọ́ọ̀sì náà lè ṣiṣẹ́ láìfi aláìsàn sínú ewu. Ó gba ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo èyí ló wà nínú orin tí mo kọ ní ìṣẹ́jú méjì lọ́jọ́ kìíní.

Wọ́n ní, "Gbé ìwé náà wá."

Wọ́n kọ 3 síwájú oorun. 3 síwájú àárẹ̀. 2 síwájú ìfọkànsí. Síwájú ìbéèrè kẹfà, tó ń béèrè bóyá èèyàn ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tó ti kùnà, wọ́n kọ 3, wọ́n sì tẹ bíírò mọ́lẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru

Ikú kọ́ ló ń dùn wọ́n. Láti ọdún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn ti wẹ òkú ju ọgọ́rùn-ún lọ. Aláìsàn kejì lóru ọjọ́ náà jẹ́ ìyá arúgbó tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀ pé ó ń lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lọ́nà. Ó pè, Màmá sì sọ fún un lórí fóònù pé, "Máa rọra wa ọkọ̀. Mo jókòó tì wọ́n, n kò ní kúrò."

Agogo dún láti igun wọ́ọ̀dù. Bàbá kan ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá irin bẹ́ẹ̀dì, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kejì wà ní yàrá oògùn. Màmá sáré. Nígbà tí wọ́n dá bàbá náà padà sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n sì padà dé, ìyá arúgbó ti lọ. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, ohun àkọ́kọ́ tó sì béèrè ni, "Ṣé ẹnì kan wà pẹ̀lú wọn?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú. Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Mo pa irọ́ fún ọmọ olóòkú."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, káàdì ọpẹ́ dé láti ọwọ́ ọmọ náà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìsinmi, níbi tí gbogbo ẹni tó jókòó yóò ti rí i. Mo wá mọ ẹni tó ń yí àga.

Jonathan Shay, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún irú ọgbẹ́ yìí lórúkọ, láti ara àwọn ọmọ ogun tó jà ní Vietnam: moral injury, ọgbẹ́ ẹ̀rí-ọkàn. Ẹ̀rù kọ́ ló ń fà á. Ohun tó ń fà á ni pé èèyàn ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà, tàbí pé àyè kò gbà á láti ṣe ohun tó mọ̀ pé ó tọ́. Ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ ìlera ju bí a ṣe ń sọ lọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfaradà kankan kò sì lè dé ibi tó wà.

Ọ̀gá mi bá wa jókòó lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ya òbìrí kan sórí ìwé, ó ní kí Màmá pín in fún gbogbo ohun tó lọ́wọ́ nínú òru ọjọ́ náà, kí wọ́n fi ara wọn ṣìkẹyìn. Wọ́n ronú pẹ́. Nọ́ọ̀sì kẹta tí kò sí gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bàbá tó ń ṣubú. Àìsàn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó jìn. Ìlérí orí fóònù. Ohun tó kù fún wọn kò fẹ̀ ju ìka lọ. Mo ti la ẹnu láti sọ pé kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀ rárá. Ọ̀gá mi wò mí, mo pa ẹnu dé.

Màmá fi ìka wọn sórí ibẹ̀. "Kékeré ni. Ṣùgbọ́n tèmi ni."

A fi í sílẹ̀ fún wọn. Ká ní mo gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, mo gbà pé wọn ò bá tún kọ òdo fún mi.

Àwọn fúnra wọn ló lọ bá máníjà, tí wọ́n sọ bí ìyá arúgbó náà ṣe lọ àti iye wọn lórí iṣẹ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjábọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọn kò tíì kọ láti ọjọ́ náà. Máníjà kò bá wọn wí. Ó bèèrè ìgbà mélòó ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó ṣètò pé kí nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù kejì máa wá dúró fún ìdajì wákàtí lóru kí wọ́n lè sinmi. Àwọn òru kan ó ń ṣeé ṣe, àwọn òru mìíràn kò sí ẹni tó máa wá. Ní ti ọmọ olóòkú, Màmá pinnu pé àwọn kò ní kọ lẹ́tà sí i. Wọ́n ní àwọn kò lè lọ máa wá ìtura tàwọn nínú ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn.

Iye tó wà lórí ìwé

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la rí ara wa lápapọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 6 ni wọ́n kọ. Oorun ṣì jẹ́ 2. Wọ́n ti ń sọ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n sọ̀. Káàdì náà ṣì wà lára ògiri, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí a kó ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta jọ fún àwọn aláṣẹ, ohun tí tábìlì fi hàn ni pé nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú òdo, ó sì jáde pẹ̀lú 6. Ẹnì kan fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ìdí tí òṣìṣẹ́ fi ń burú sí i lẹ́yìn tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Inú bí mi, ó sì ṣì ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo dáhùn pé òdo yẹn kì í ṣe iye. Èèyàn kan ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ọ̀gá mi tì mí lẹ́yìn, wọ́n sì gbà kí a máa ka iye láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àṣírí bá ti yé èèyàn dáadáa.

A tún fọ́ọ̀mù wa kọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ìbéèrè kìíní, ìlà kan wà lókè tó sọ ẹni tí yóò rí ìwé náà àti àwọn tí kò ní rí i, wọ́n sì dárúkọ àwọn tó ń bójú tó fíìsà níbẹ̀. Màmá ló yẹ ìlà náà wò fún wa. Wọ́n ní kí a fi lẹ́tà tó tóbi kọ ọ́, torí ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé kì í ríran dáadáa.